Bí A Ṣe Ń Lọ sí Àjọ̀dún Saintes-Maries-de-la-Mer

Níbi tí irà Camargue ti pàdé Òkun Mẹditaréníà, ní gúúsù Faransé, ni ìlú kékeré yìí wà. Ọjọ́ 24 àti 25 oṣù karùn-ún ni àjọ̀dún rẹ̀ lọ́dọọdún, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Sárà, ẹni mímọ́ àwọn ọmọ Rom (ẹ̀yà tó wà káàkiri Yúróòpù, tí àwọn kan ń pè ní Gypsy), ló ni ọjọ́ kìíní. Màríà ìyá Jákọ́bù àti Màríà Sàlómẹ̀ ló ni èkejì. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré lẹ ní, 24 ni kẹ́ ẹ mú.

Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kódà bó jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Bó bá ti ku oṣù mẹ́fà lẹ lè fi ìwé sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ku ọjọ́ 15. Yàrá inú ìlú kì í pẹ́ tán, nítorí náà ìlú Arles ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn sí, nǹkan bíi kìlómítà 38 sí ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì sàn ju ọkọ̀ àdáni lọ, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún. Ẹ béèrè àkókò bọ́ọ̀sì ìkẹyìn kẹ́ ẹ tó kúrò ní Arles.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ kí ère Sárà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Òrùlé ibẹ̀ kò ga, àbẹ́là sì pọ̀, nítorí náà ooru rẹ̀ kò ṣeé fara dà lọ́sàn-án. Àwọn olùjọsìn máa ń wọ ẹ̀wù lé ère náà lórí. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni tó ń gbàdúrà láìtọrọ àyè.

Lọ́sàn-án, wọ́n á fi okùn tí wọ́n fi òdòdó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sọ àpótí egungun àwọn Màríà kalẹ̀ láti yàrá òkè. Àwọn èèyàn á na àbẹ́là sókè, wọ́n á máa ké “Vive les Saintes Maries! Vive Sainte Sara!” Ẹ fi bébà wé ìdí àbẹ́là tiyín, kí ìda má bàa jó yín lọ́wọ́. Ẹ tètè wọlé: ṣọ́ọ̀ṣì náà tóóró, ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta.

Bí wọ́n bá gbé Sárà jáde, ẹ má tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹ ṣáájú lọ sétíkun. Àwọn darandaran Camargue lórí ẹṣin funfun á wọ inú omi, ère á tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ dúró sí, torí ẹṣin lè ta yín nípàá bí èrò bá ti yín síwájú. Bàtà onídè, ṣòkòtò tó ṣeé ká, fóònù nínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25, ère àwọn Màríà nínú ọkọ̀ ojú omi ló ń lọ sókun, bíṣọ́ọ̀bù á sì súre fún òkun.

Irà ńkọ́? Pont de Gau, ọgbà ẹyẹ kan, ni kẹ́ ẹ lọ, kìlómítà mẹ́rin kẹ́ ẹ tó dé ìlú, lójú ọ̀nà Arles. Hẹ́kítà 60 ni, ẹyẹ flamingo sì pọ̀ níbẹ̀; edé kéékèèké inú omi iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ló sọ ìyẹ́ wọn di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ wọlé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹ̀fọn á bo èèyàn, torí oṣù karùn-ún náà ni omi kún oko ìrẹsì. Aṣọ alápá gígùn ṣe pàtàkì. Ẹ má kúrò lójú ọ̀nà: ilẹ̀ tí iyọ̀ bò máa ń dà bí èyí tó gbẹ, àmọ́ ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lórí Digue à la Mer, ògiri erùpẹ̀ tí wọ́n fi dí omi òkun, ẹ gbé omi dání, kò sí ibòji, kò sí ẹni tó ń tajà níbẹ̀.

Ẹni tí èrò bá ń bà lẹ́rù lè wá ní ọjọ́ Àìkú tó bá sún mọ́ 22 oṣù kẹwàá jù, fún àjọ̀dún Màríà Sàlómẹ̀.