Àwọn àṣìṣe tó ń ba ìtọ́jú onítànṣán jẹ́ mọ́ aláìsàn jẹjẹrẹ ọrùn àti ẹ̀dọ̀fóró lọ́wọ́

Bí kókó ọrùn kan bá kọ̀ tí kò lọ, tí dókítà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí èsì sì sọ pé jẹjẹrẹ ni, lẹ́tà tó máa ń tẹ̀lé e sábà máa ń dorí kọ ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, nítorí ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ (radiotherapy). Àwọn mìíràn a gba Èkó lọ. Bákan náà ló rí fún ẹni tí tirẹ̀ wà ní gògóńgò, ní ìdí ahọ́n, tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ ti fi ń wádìí ìtọ́jú yìí, ohun tó ń mú kó kẹ́sẹ járí kò ṣókùnkùn mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa ẹbí, pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tá a ní sí aláìsàn wa, là ń ba á jẹ́ nígbà mìíràn. Fífo ọjọ́ ìtọ́jú ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, òun ni mo sì máa pẹ́ lé lórí jù.

Fún jẹjẹrẹ ọ̀fun tàbí gògóńgò tí wọ́n fẹ́ fi ìtànṣán wò sàn, ìlànà tó wọ́pọ̀ jù ni ìgbà 35: ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, fún ọ̀sẹ̀ 7. Gray 2 ni wọ́n ń fúnni lójúmọ́ (Gray ni òṣùwọ̀n ìtànṣán), tí gbogbo rẹ̀ á fi pé Gray 70. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye ìgbà yẹn nìkan ló ṣe pàtàkì, pé bí aláìsàn bá ti gba márùndínlógójì pé, kò sí ohun tó burú bó bá gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìtànṣán ń pa jẹjẹrẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tó bá ṣẹ́ kù kì í sì í jókòó lásán. Ní 1988, onímọ̀ ìtànṣán kan, Withers, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé nígbà tí ìtọ́jú bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyókù jẹjẹrẹ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bí sí i. Ẹni tó bá ro oko dé ìdajì nígbà òjò, tó wá lọ jókòó sílé, mọ ohun tó máa bá níbẹ̀ nígbà tó bá padà.

Ìṣirò àwọn onímọ̀ fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ni pé, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìtọ́jú bá fi gùn ju bó ṣe yẹ lọ ń mú nǹkan bí ìdá 1 sí 1.4 nínú 100 kúrò nínú àǹfààní pé jẹjẹrẹ náà á kú tán níbi tó wà. Ẹ wá ṣírò ọ̀sẹ̀ kan. Ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní ìtànṣán ìgbà mẹ́fà lọ́sẹ̀ dípò márùn-ún, láìfi kún àpapọ̀ ìtànṣán náà, kí wọ́n lè tètè parí. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2003 ni pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdá 70 nínú 100 ni jẹjẹrẹ wọn kò padà wá sójú ibi tó wà, nígbà tó jẹ́ 60 láàárín àwọn onígbà márùn-ún. Ẹnì kan lè ní ti Òyìnbó nìyẹn. Àjọ IAEA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì lágbàáyé, tún un ṣe fún àwọn aláìsàn 908 ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ nínú wọn, Áfíríkà sì wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e jáde ní 2010: ìdá 42 nínú 100 ni jẹjẹrẹ wọn kò padà wá láàárín àwọn onígbà mẹ́fà, ó jẹ́ 30 láàárín àwọn onígbà márùn-ún. Ìtànṣán kan náà ni, ọjọ́ nìkan ni wọ́n kó súnmọ́ra. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fi ọjọ́ 12 gbáko ṣe gbogbo ìtọ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè kò sì yọ sílẹ̀. Ìdá 29 nínú 100 ló ṣì wà láyé lẹ́yìn ọdún méjì, dípò 20 láàárín àwọn tó gbà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èsì ti 1997 nìyẹn.

Kí ló wá ń mú wa fo ọjọ́? Iléyá, Kérésì, ìnáwó òkú, owó ọkọ̀. Àti àánú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹnu aláìsàn á ti bó, ọ̀fun á máa ta á, ọmọ rẹ̀ á wá ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ á lọ sinmi nílé lọ́sẹ̀ yìí, ara yín ti le jù.” Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni jẹjẹrẹ ń wá. Bí ìrora bá ti pọ̀, ẹ sọ fún dókítà kó fi kún oògùn ìrora, kí ìtọ́jú máa lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ Ìbàdàn kó sì padà lójoojúmọ́. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní àlọ nìkan, ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ní Ọ̀yọ́ ti pa ọjọ́ kan jẹ nìyẹn. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ẹbí n'Ìbàdàn tí aláìsàn lè dé sí fún gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèje. Owó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdajì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé Ọlọ́run á pèsè ìyókù. Ọlọ́run ń pèsè lóòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo mọ̀lẹ́bí jókòó kí wọ́n dá a jọ kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀bi kì í ṣe tiwa, ẹ̀rọ á bàjẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ á daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má kàn padà sílé kẹ́ ẹ máa retí ìpè. Ìlànà Royal College of Radiologists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà onítànṣán nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé fún irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí, ìtọ́jú kò gbọ́dọ̀ fi ju ọjọ́ méjì lọ kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ọ̀nà wà láti dí àlàfo náà: wọ́n lè fún aláìsàn ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, tí wákàtí mẹ́fà ó kéré tán á wà láàárín méjèèjì, tàbí kí wọ́n lo Sátidé. Ẹ bi dókítà léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe fẹ́ dí ọjọ́ tó lọ yìí?” Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àrífín.

Ọ̀rọ̀ eyín, ẹni tó bá kà á sí kékeré á kábàámọ̀ rẹ̀. Ìtànṣán máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú egungun àgbọ̀n kù títí ayé. Bí eyín bá wá ń dun aláìsàn lọ́dún méjì sí i, tó sì yọ ọ́ níbikíbi, ojú ibẹ̀ lè kọ̀ kó má jinná, egungun á yọ síta, á sì máa rùn. Nítorí náà dókítà eyín gbọ́dọ̀ yẹ ẹnu wò kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá ti kẹ̀ kọjá àtúnṣe, kí wọ́n yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí ojú rẹ̀ lè jinná. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride ni títí ayé, torí itọ́ á gbẹ. Itọ́ gbígbẹ yìí náà ti ní àtúnṣe díẹ̀: nínú ìwádìí PARSPORT tó jáde ní 2011, ọ̀nà ìtànṣán tuntun tí wọ́n ń pè ní IMRT, tó ń yẹra fún ibi tí itọ́ ti ń sun, mú kí iye àwọn tí ẹnu wọn ṣì gbẹ gan-an lẹ́yìn ọdún kan já wálẹ̀ láti ìdá 74 sí 38. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn tẹ́ ẹ ń lọ ní in.

Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa mú ike pẹlẹbẹ kan tó ní ihò wẹ́wẹ́, wọ́n á rì í bọ omi gbígbóná títí tó fi rọ̀, wọ́n á wá tẹ́ ẹ lé aláìsàn lójú dé èjìká. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti le, ó sì ti gba àwòrán imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àgbọ̀n rẹ̀. Òun ni wọ́n á máa dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́ kí orí má baà yẹ̀, torí ìtànṣán náà kò gbọ́dọ̀ ṣìnà. Bí aláìsàn bá wá rù, ike náà á tú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa yí nínú rẹ̀, ibi tí ìtànṣán ń bà á sì yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ṣírò. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ fi jẹ́ ara ìtọ́jú.

Àwa tí wọ́n ń kì ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mẹ̀kọ yangan, kò yẹ kí oúnjẹ ṣòro fún wa. Okà láfún tó rọ̀, tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, pẹ̀lú ewédú tí kò lata máa ń yọ̀ lọ ní ọ̀fun tó bó. Ògì tí wọ́n po mílíìkì àti ẹ̀pà lílọ̀ mọ́, wàrà, ẹyin rírọ̀. Ata ni kí ẹ yọ kúrò, àti ọtí. Bí kò bá ṣeé gbé mì mọ́ tí dókítà wá ní kí wọ́n ti rọ́bà bọ imú aláìsàn láti máa fi bọ́ ọ, ẹ má sunkún pé ó ti parí fún un. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń kọ rọ́bà yìí torí wọ́n rò pé ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n ń fi sí. Wọ́n á yọ ọ́ nígbà tí ọ̀fun bá jinná.

Sìgá kò ṣeé bá ìtànṣán pọ̀. Nínú ìwádìí kan ní Kánádà tó jáde ní 1993, láàárín àwọn tó ń mu sìgá lọ nígbà ìtọ́jú, ìdá 45 nínú 100 ni jẹjẹrẹ wọn pòórá, àmọ́ ó jẹ́ 74 láàárín àwọn tó jáwọ́. Áṣáà náà, ẹ gbé e sílẹ̀. Agbo ńkọ́? Mo bọ̀wọ̀ fún ewé àti egbò, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje yìí kì í ṣe àkókò rẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ń fún aláìsàn ní cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ tó ti nira fún kíndìnrín tẹ́lẹ̀. Fítámìn tí wọ́n ń tà pé ó ń fún ara lágbára pàápàá, ẹ ṣọ́ra: ní Kánádà kan náà, àwọn tí wọ́n fún ní hóró fítámìn E nígbà ìtànṣán ní ìnira tó dín kù lóòótọ́, àmọ́ ó dà bíi pé jẹjẹrẹ tiwọn tún ń padà wá ju ti àwọn yòókù lọ.

Ìtànṣán inú ẹ̀rọ yìí kì í wà lára èèyàn. Tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ó tán, kí àwọn ọmọ-ọmọ máa bọ̀ wá jókòó ti màmá wọn àgbà. Ẹ má fi róòbù tàbí omi gbígbóná kan awọ tó ti dúdú níbẹ̀.

Ti ẹ̀dọ̀fóró ní àṣìṣe tirẹ̀, ó sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹni tó ń wúkọ́, tó ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ikọ́ ife la máa ń kọ́kọ́ rò. Kò burú láti rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó burú ni kéèyàn máa lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà láìjẹ́ pé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rí i, tí ara kò sì yá. Bí oṣù méjì bá lọ tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ béèrè fún àwòrán CT. Ẹlòmíràn, nígbà tó bá dé ìdí ẹ̀rọ, á máa bẹ dókítà pé kó fi kún ìtànṣán náà. Wọ́n ti dán an wò ní Amẹ́ríkà: àwọn tó gba Gray 60 gbé tó oṣù 28.7 ní ìwọ̀n àárín, àwọn tó gba 74 gbé oṣù 20.3. Èsì 2015 nìyẹn.

Bí ikọ́ gbígbẹ àti mímí gúlegúle bá tún dé láàárín oṣù kan sí mẹ́fà lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ má lọ ra oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn ní kẹ́míìsì. Ó lè jẹ́ pé ìtànṣán ló jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró wú, oògùn mìíràn ló ń wò ó, dókítà tó ṣe ìtọ́jú náà ló sì yẹ kó mọ̀. Fún ẹni tí wọ́n fi ìtànṣán wo ọrùn rẹ̀ ní tirẹ̀, táírọ́ọ̀dì, níbi tí gègè máa ń yọ sí, lè rẹ̀yìn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún díẹ̀. Aláìsàn á máa sùn ṣáá, òtútù á máa mú un, á máa sanra, ilé á sì máa wá ẹni tó ń bá a jà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ TSH ló ń fi hàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ́dọọdún, oògùn rẹ̀ sì jẹ́ hóró kan láàárọ̀.