Ẹ má kó fótò yín sójú kan ṣoṣo

Ẹ̀yin ará wa, ẹ gbọ́ kinní kan kí òjò tó dé. Fóònù mi jábọ́ sínú àgbàrá ní Challenge, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ kan, gbogbo fótò ìsìnkú bàbá mi sì bá a lọ. Látìgbà náà, mo ń kó nǹkan mi sórí Google Drive (ibi ìtọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) àti hard disk (àpótí kékeré tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó fáìlì sí). Àyè 15GB ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n Gmail àti fótò ló jọ ń pín in, kì í pẹ́ kún. Fídíò ńláńlá, orí hard disk ni kí ẹ kó o sí. Ẹ má sì tọ́jú hard disk náà sínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà o! Tèmi wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Mọ́níyà. (Flash? Èmi ò gbẹ́kẹ̀ lé e.) Lóṣooṣù, ẹ ṣí fáìlì bíi méjì wò, bóyá ó ṣì ń ṣí.