Wíwa Ford Model A lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀pẹ́

Ford Model A, tí wọ́n ṣe láti ìparí 1927 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1932, lágbára tó láti gun òkè Ẹ̀pẹ́. Jíà rẹ̀ ló ń da awakọ̀ láàmú: mẹ́ta péré ni, kò sì sí ohun tó ń mú kí eyín jíà yí bára mu bíi ti ọkọ̀ òde òní. Ìsàlẹ̀ òkè ni kí ẹ ti pààrọ̀ jíà. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnì ń gbọ̀n, ọkọ̀ á ti dúró kí jíà tó wọlé.

Láti ìkẹta sí ìkejì, ẹ jẹ́ kí eré wálẹ̀ sí bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fa jíà sí fírì, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ tẹ tọ́rọ́tù, ìyẹn ohun tó ń mú kí ẹ́ńjìnì sáré, díẹ̀ kí ẹ́ńjìnì ké sókè, ẹ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá rọra ti jíà wọlé. Tó bá ń ha, ẹ má fipá tì í. Ẹ padà sí fírì, kí ẹ tún un ṣe.

Tí ọ̀kadà bá dá yín dúró láàárín òkè, ẹ fa ọ̀pá tọ́rọ́tù tó wà lápá ọ̀tún sítíá wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnì ò ní kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún yín á sì ráyè wà lórí bíréèkì títí kílọ́ọ̀ṣì á fi mú. Ẹni tó jókòó tì yín ni kó di wẹ́ẹ̀jì mú.

Sísọ̀ sí etí ọ̀sà ló léwu jù. Ẹ ti wà ní jíà kejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ẹ má sì fi sí fírì láé: tí eré bá ti pọ̀, jíà ò ní wọlé mọ́, bíréèkì nìkan ló kù. Ọ̀pá irin ló ń fa bíréèkì yìí, kò lo epo bíréèkì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìtú u sílẹ̀, ìlù inú táyà á gbóná, á fẹ̀, ẹsẹ̀ yín á máa rì sí i, bíréèkì ò sì ní mú dáadáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bí òórùn jíjó bá ti jáde, ẹ dúró kó tutù. Ẹ má da omi sí i. Lẹ́yìn àgbàrá òjò, ẹ máa fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì títí tó fi gbẹ kí ẹ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Táńkì rẹ̀ ga ju kábúrétọ̀ lọ, epo ò ní dá yín dúró. Model T tó ṣáájú rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀: abẹ́ ìjókòó ni tirẹ̀ wà, tí epo bá sì ti kéré, rìfáàsì ni wọ́n fi ń gun òkè tó ga.

Bí rédíétọ̀ bá hó, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ má sì da omi tútù sí i: ó lè mú kí irin ẹ́ńjìnì tó gbóná sán.