Bí máòsì tí kò ní wáyà bá ń fà

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí máòsì kọ̀ǹpútà yín tí kò ní wáyà bá ń fà, tí atọ́ka rẹ̀ ń lọ́ra lójú kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sáré ra òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì. Tí kò bá yí padà, ẹ wo ihò kọ̀ǹpútà tí ẹ ki rìsífà kékeré rẹ̀ (ohun tó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ máòsì) bọ̀. Ihò USB 3.0, èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú, lè da ìgbì rédíò 2.4 GHz tí máòsì ń lò rú, pàápàá tí hard drive (ẹ̀rọ tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí) bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé rìsífà lọ sí ihò USB 2.0 (irú tó ṣáájú 3.0), tàbí kí ẹ fi wáyà USB kúkúrú fà á sún mọ́ máòsì. Èmi gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro máa ń wà jù. Tó bá jẹ́ orí gíláàsì lẹ ti ń lò ó, ẹ tẹ́ bébà sábẹ́ rẹ̀.