Iléròrò Ẹ̀gbẹ́ Kan: Àwọn Àṣìṣe tó ń Kó Owó Yín Lọ

Ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣómólú, ó sì ń dùn mí, owó táwọn aláìsàn shingles, ìyẹn iléròrò tó máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, máa ń ná dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

1. Ẹ má pè é ní àsàsí. Chickenpox tó ṣe yín ní kékeré, tí àwọn ìyá wa ń pè ní ìgbóná, kò kúrò lára nígbà tí ara yín yá. Kòkòrò rẹ̀ sá wọ ìdí àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó sùn síbẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ga tàbí tí okun ara dínkù, ó lè jí, kó tọ iṣan kan jáde sí awọ; òun ni shingles. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà lápá kan ṣoṣo, tí kì í sábà sọdá sí ìkejì. Kò sẹ́ni tó rán an sí yín.

2. Ẹ má fi epo, ọṣẹ ìfọyín tàbí ewé gígún pa á.

3. Ẹ má dúró. Èyí ló ń ká mi lára jù. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà wá bá wa ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ìrora ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọmú òsì, kí nǹkan kan tó yọ rárá. Kẹ́míìsì kan fún wọn lóògùn ibà. Wọ́n lọ yẹ ọkàn wò. Nígbà tí iléròrò yọ, wọ́n ra àgbo, wọ́n sanwó àdúrà. Nígbà tí mo ká bùbá wọn sókè, ewé ti gbẹ mọ́ egbò náà láti ẹ̀yìn dé iwájú. Bí wọ́n bá mí, á máa fa awọ. Wákàtí 72 àkọ́kọ́ tí iléròrò bá yọ ni acyclovir, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò yìí, ti ń ṣiṣẹ́ jù. Egbò náà jinná, ìrora ò lọ. Oṣù mẹ́jọ ni wọn ò fi lè wọ kọ́mú. Wọ́n ní bí atẹ́gùn fáànù bá kan ibẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń fi abẹ rẹ́ àwọn ni.

Èmi náà jẹ̀bi rí. Bàbá mi ní iwájú orí ń ta àwọn, mo fún wọn ní Panadol, mo ní kí wọ́n lọ sùn. Iléròrò kan yọ sí ṣóńṣó imú wọn. Mi ò tíì mọ̀ nígbà náà pé bó bá ti dé ibẹ̀, ojú wà nínú ewu. Ojú ọ̀tún yẹn ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá yọ síwájú orí, imú tàbí etí, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sílé ìwòsàn.

Amoxicillin kò lè pa kòkòrò yìí. Bí shingles bá sì yọ sí yín lára nígbà tí ẹ kò tíì pé ọmọ ọdún 50, ẹ má bínú sí nọ́ọ̀sì tó bá ní kẹ́ ẹ ṣàyẹ̀wò HIV; okun ara tó dínkù lè jẹ́ ohun tó jí i.

Ẹ má sá fún aláìsàn. Shingles kì í ràn bíi shingles. Àmọ́ omi inú iléròrò náà lè kó chickenpox ran ẹni tí kò ṣe rí. Ẹ fi aṣọ bò ó títí yóò fi gbẹ, kí aboyún àti ọmọ tuntun má sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tẹ́ ọmọ yín ti ọmọ tí chickenpox ń ṣe, pé kó tètè ṣe é kó parí. Irúgbìn shingles lẹ ń gbìn sí i lára yẹn. Ti èèyi (measles) wà lára abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án. Kò dènà chickenpox. Tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwọn abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ ìjọba, ẹ ó sanwó.

Ti àgbàlagbà ni Shingrix, abẹ́rẹ́ tó ń dènà shingles, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2017 fún ẹni ọdún 50 sókè. Inú fíríìjì, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Apá á dùn yín, ara lè gbóná fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ìrora yẹn ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá, tí wọn kì í padà wá gba ìkejì lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́fà. Ẹ padà wá gbà á.