Bí Mo Ṣe Yan Sọ́fítíwíà Tí Mo Fi Ṣe Ẹ̀dà Odindi Dísìkì Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Mi

Windows 10 ló wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé ètò ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Láti 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún un, mo sì fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà bọ́ sórí Windows 11. Àmọ́ kì í ṣe fáìlì nìkan ló wà nínú rẹ̀. Driver (sọ́fítíwíà tí Windows fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) ti ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì wà níbẹ̀, fóǹtì tí mo ti ń kó jọ láti ọdún gbọ́nhan wà níbẹ̀, sọ́fítíwíà ìṣirò owó náà wà níbẹ̀, ẹni tó sì bá mi fi í sí i ti já pa lọ sí Kánádà. Bí gbogbo rẹ̀ bá dàrú, mo lè rí fọ́tò àwọn oníbàárà kó padà láti orí fláàṣì. Ta ni yóò wá bá mi to ìyókù?

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé ẹ̀dà odindi dísìkì ni mo máa ṣe, èyí tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní disk image. Windows, sọ́fítíwíà, driver, fáìlì, títí kan ìpín kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tan, gbogbo rẹ̀ pátá ló máa wọ inú ẹ̀dà kan ṣoṣo. Mo sì fẹ́ sọ́fítíwíà tó ń tan fúnra rẹ̀ láti orí fláàṣì, tí Windows kò ní dá sí. Àwọn kan wà tó ń ṣe ẹ̀dà nígbà tí Windows ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n dára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Windows bá kọ̀ tí kò tan mọ́, fláàṣì náà lẹ máa padà lò láti dá ẹ̀dà yín padà. Mo kúkú fẹ́ mọ̀ ọ́n lò kó tó di ọjọ́ yẹn.

Macrium Reflect Free ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn tó ni ín ti fòpin sí i, àtìlẹ́yìn rẹ̀ sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Èyí tí wọ́n ń tà ló kù. Owó lọ́dọọdún ni Acronis náà ń gbà, ẹni tó bá sì ti fi káàdì náírà sanwó nǹkan olówó dọ́là rí mọ ohun tí ojú ń rí níbẹ̀. Veeam Agent ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó lágbára dáadáa, ṣùgbọ́n inú Windows lẹ ti máa kọ́kọ́ fi í sí kó tó bá yín ṣe fláàṣì ìgbàpadà. Windows pàápàá ní Backup and Restore tirẹ̀ láti ayé Windows 7. Ó ṣì wà nínú Control Panel, àmọ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ti pa á tì, mi ò sì lè gbọ́kàn lé ohun tí ẹni tó ṣe é kò kà sí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn Linux ní kí n lo dd. Gbogbo dísìkì ni dd máa ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àtohun tó wà níbẹ̀ àtòfo. Dísìkì mi jẹ́ 256 GB, ohun tí mo ti lò nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 GB lọ. Kí ni mo fẹ́ fi òfo ṣe?

Ó wá ku Clonezilla àti Rescuezilla. Ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì. Ibùdó ìjìnlẹ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Taiwan, NCHC, ni Clonezilla ti wá, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Partclone ló ń lò lábẹ́nú, èyí tó máa ń wo ibi tí nǹkan wà nínú dísìkì, tó sì ń fo ibi tó ṣófo. Rescuezilla ń lo Partclone bákan náà, ó kàn fi fèrèsé àti bọ́tìnnì bò ó lójú ni. Ohun tó tù mí nínú jù ni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ń tọ́jú ẹ̀dà: ohun tí ọ̀kan bá ṣe, èkejì lè dá a padà. Bí ọ̀kan bá kú lọ́la, ẹ̀dà mi kò bá a kú.

Mo wa àwọn méjèèjì sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Clonezilla kò jẹ dátà púpọ̀. Rescuezilla ju 1 GB lọ, ẹ ra dátà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi certutil tó wà nínú Windows yẹ SHA256 wọn wò, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá fáìlì pé tí kò sì bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo fi Ventoy sórí fláàṣì kan tí kò sí nǹkan gidi lórí rẹ̀, nítorí ó máa ń nù ún mọ́ tónítóní. Àǹfààní Ventoy ni pé ẹ kàn máa da fáìlì ISO (fáìlì sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ wà sílẹ̀) sórí fláàṣì bí ẹni ń da orin sí i ni, bó sì jẹ́ márùn-ún ló wà níbẹ̀, ẹ ó mú èyí tó bá wù yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń tan ẹ̀rọ.

Ibi tí mo ti fara balẹ̀ jù ni ohun tó yẹ kéèyàn ṣe nínú Windows kó tó pa á. Mo tẹ manage-bde -status sí Command Prompt láti mọ̀ bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíì má bàa kà á, wà ní títan. Bó bá wà ní títan, sọ́fítíwíà tó wá láti ìta lè má mọ ibi tó ṣófo yàtọ̀ síbi tó kún, ẹ̀dà yín á wá tóbi tó dísìkì fúnra rẹ̀. Èyí tó tún wá le ni pé bẹ́ ẹ bá pa Secure Boot (ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tan láti orí ohun tí kò fọkàn tán) nígbà tí BitLocker ṣì wà, Windows lè ní kẹ́ ẹ mú kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 wá, ó di dandan kẹ́ ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi wà ní pípa. Mo wá tẹ powercfg /h off láti pa Fast Startup. Ìdí ni pé bí Fast Startup bá wà, Windows kì í kú tán nígbà tẹ́ ẹ bá pa á, ṣe ló ń sùn. Partclone sì máa ń kọ dísìkì tó bá rí i pé Windows kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, dísìkì kì í tilẹ̀ yọjú rárá, nítorí wọ́n to BIOS rẹ̀ (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó tan) sí Intel RST dípò AHCI, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀. Bẹ́ ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ ka bí wọ́n ṣe ń yí i padà dáadáa kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí Windows lè kọ̀ láti tan bí ẹ bá kàn yí i bẹ́ẹ̀.

HP ni ẹ̀rọ mi. F9 ni mo tẹ̀ tí ibi tí wọ́n ti ń yan fláàṣì fi jáde.

Mo kọ́kọ́ ṣí Clonezilla. Kò sí fọ́tò, kò sí bọ́tìnnì, ìbéèrè lórí ìbéèrè ni: device-image, local_dev, Beginner, savedisk. Ó wá to àwọn dísìkì kalẹ̀: nvme0n1, sda, sdb. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ dúró sẹ́yìn mi, ó ní, "Àǹtí, èwo ni tiwa nínú gbogbo èyí?" Mo ṣàlàyé pé èyí tó ń jẹ́ nvme ló wà nínú ẹ̀rọ, sda ni external, dísìkì tí mo so mọ́ ọn láti ìta. Ó mi orí, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e. Ìbéèrè yẹn ló bá mi yan. Bí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo wà lóde ayẹyẹ l'Ábẹ́òkúta, òun ló máa dá ẹ̀dà padà. Èèyàn tó bá sì ṣi dísìkì yàn níbẹ̀ lè fi òfo bo ohun tó fẹ́ gbà là mọ́lẹ̀.

Nínú Rescuezilla, bọ́tìnnì ńláńlá ló kí wa: Backup, Restore, Clone, Verify Image. Ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe tóbi tó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A mú ti inú ẹ̀rọ, a jẹ́ kí ó kó gbogbo ìpín rẹ̀, a ò yọ ìkankan, títí kan èyí tó jẹ́ 100 MB péré tí èèyàn lè rò pé kò wúlò. Òun gan-an ni kọ̀ǹpútà fi ń tan. A mú external, a sọ ẹ̀dà lórúkọ tí ọjọ́ oṣù wà nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Inverter ti kún kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi iná ìjọba dán irú iṣẹ́ yìí wò. Kò tó wákàtí kan tó fi parí, ẹ̀dà náà sì wá sí nǹkan bí 60 GB. Mo tẹ Verify Image, kò rí àléébù.

Ẹ̀dà tí a kò tíì dá padà rí, mi ò kà á sí ẹ̀dà. Mo ní SSD àtijọ́ kan tí òun náà jẹ́ 256 GB. Bó bá kéré sí ti àkọ́kọ́, wàhálà ni. Mo tú abẹ́ laptop, mo yọ dísìkì tòótọ́ kúrò, mo fi ti àtijọ́ sípò rẹ̀, mo wá kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, mo ní kí ọmọbìnrin náà máa bá iṣẹ́ lọ. Bí dísìkì tòótọ́ kò ṣe sí níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣì tẹ̀ tí yóò pa wá lára. Ó tẹ Restore, ó ka ìkìlọ̀ sókè ketekete, ó gbà. Nígbà tí ẹ̀rọ tan, ojú Windows wa gan-an ló jáde, àti fọ́tò Olúmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A tẹ káàdì kan jáde láti fi wò, àwọ̀ rẹ̀ pé. Sọ́fítíwíà ìṣirò owó kò bèèrè kọ́kọ́rọ́ àṣẹ ìlò, nítorí ẹ̀rọ kan náà ni. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀dà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ó lè béèrè. Ẹ má sì so dísìkì méjèèjì mọ́ ẹ̀rọ kan lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn èyí. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà ni wọ́n ní, Windows yóò sì ti ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo dá dísìkì tòótọ́ padà sípò, mo gbé e bọ́ sórí Windows 11, external sì ń gbé nílé mi, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kò sí nínú ètò yìí, Google Drive ni mo ń da ìyẹn sí. Windows fúnra rẹ̀ ń fún èèyàn ní ọjọ́ 10 láti padà sórí èyí àtijọ́ bí tuntun kò bá bá a lára mu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀dà yìí nìkan ni ọ̀nà àbọ̀ tó kù fún mi, kò sì ní gbèdéke.