Ibi tí mo wá gbé skirín kámẹ́rà ẹ̀yìn sí

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní mọ́tò téèyàn ń sùn sínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ ibi tó yẹ kéèyàn gbé skirín tó ń fi àwòrán kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ́tò hàn sí ti yanjú lọ́dọ̀ mi o. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ tóòrùn bá ti gba gíláàsì iwájú wọlé báyìí, ojú ara mi ni mò ń rí nínú skirín, mi ò rí ẹ̀yìn rárá. Mo wá gbé e lọ sókè, síbi tí dígí àárín téèyàn fi ń wo ẹ̀yìn wà, torí kí ni dígí yẹn tún fẹ́ ṣe nínú mọ́tò tó jẹ́ ògiri àti bẹ́ẹ̀dì ló wà lẹ́yìn? Ojú awakọ̀ sì ti mọ ibẹ̀. Kí n tó lu ihò kankan, mo gé páálí tó ṣe déédéé skirín yẹn, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, mo jókòó, mo de bẹ́líìtì, mo wò ó bóyá ó máa bo títì mọ́ mi lójú, ni mo bá tún sún un sókè díẹ̀. Wáyà gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì sọ̀kalẹ̀ (tí airbag, ìyẹn báàgì tó máa ń wú jáde tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ẹ gbà, ẹ má gba iwájú). Ara iná rífáàsì ni mo so wáyà tó ń tan skirín mọ́, tí mo bá ṣáà ti ki jíà rífáàsì, ó ti tàn nìyẹn. Tí ọ̀tún bá di òsì nínú àwòrán, ẹ wo mẹ́nù, ibẹ̀ lẹ ti máa yí i.